Ẹ̀rọ Tó Kúrò Ní Géètì, Ẹ̀rọ Tó Dé Ọwọ́

Kúbúrá ò tíì fìdí kan àga dáadáa tí Hussein fi sọ pé Ọ̀nì Kejì ti kú.

Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án. Ó ti gbé àwòrán kan sára ògiri yàrá ìpàdé ilé-iṣẹ́ wọn ní Ìkòròdú. Òpó méjì ló wà nínú àwòrán náà. Ọ̀kan ga títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè, ìkejì kúrú bí kùkùté. Èyí tó ga ni Ọ̀nì Kìíní, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èyí tó kúrú ni Ọ̀nì Kejì, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn. Lábẹ́ òpó gíga wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Lábẹ́ kùkùté, egbèje.

"Ẹ̀yin náà ẹ fojú yín wò ó," Hussein wí. Òun ni ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbà láti máa bójú tó ọjà títà, kò sì tíì lo oṣù mẹ́ta pẹ̀lú wọn. "Èyí tuntun ò tíì ta tó ìdá kan nínú mẹ́fà àkọ́kọ́. Àbá tèmi ni pé ká dá a dúró lóṣù yìí, ká ti ilé tí wọ́n ti ń tò ó ní Ẹ̀pẹ́, ká padà sórí èyí tó ń tà."

Obìnrin mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tó ní kí wọ́n tì yẹn. Kúbúrá ni máníjà wọn, òun náà ló sì ń rí sí ọjà títà ní gbogbo agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti bí i. Ó mọ̀ pé odidi ọdún kan ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń so bátìrì mọ́ ojú ẹ̀rọ tí ọwọ́ ò ní gbọ̀n. Ó wo Mobọ́lájí. Mobọ́lájí ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ló ya Ọ̀nì méjèèjì sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fojú kàn wọ́n, òun ló sì kọ́ Kúbúrá níṣẹ́. Tí ẹnì kan bá máa gbèjà Ọ̀nì Kejì, òun ni. Ṣùgbọ́n fóònù ni Mobọ́lájí ń wò, ó tẹrí ba bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ nílẹ̀.

Kúbúrá yíjú sí Hussein.

"Ọ̀gá Hussein," ó ní, "ẹ bímọ, àbí? Tí ọ̀kan bá pé ọdún mẹ́fà, tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ṣé ẹ máa ń mú àwọn méjèèjì dúró ti ògiri kan náà, kẹ́ ẹ wá na èyí tó kúrú?"

"Madam Kúbúrá, a ò sọ̀rọ̀ ọmọ."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ là ń sọ! Ọdún mẹ́fà lẹ kó jọ fún ọ̀kan, oṣù mẹ́wàá lẹ fún èkejì. Nínú oṣù mẹ́wàá yẹn, oṣù méjì àbọ̀ ni ojú ẹ̀rọ fi há sí èbúté ọkọ̀ òkun, tá ò ní nǹkan kan láti tà. Àwọn èèyàn ń fowó lé wa lọ́wọ́, à ń dá a padà. Ṣé ìyẹn wà nínú òpó yín?"

"Ìbínú kọ́ la fi ń ṣòwò," Hussein fèsì. Ojú tirẹ̀ náà ti ń le.

Kúbúrá fọwọ́ lu tábìlì. "Irọ́ ni òpó yín yẹn!"

Àlàájì Mùsílíù, tó fowó sínú ilé-iṣẹ́ náà jù, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni abẹ gé, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún ni, kì í pariwo.

"Kúbúrá, o pe èèyàn lópùrọ́ níwájú mi."

"Ẹ má bínú, Àlàájì."

"Mi ò bínú. Mo fẹ́ rí òótọ́ tìẹ ni. Ọjọ́ Ajé lòní. Tá a bá kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, a máa padà síbí. Tó bá jẹ́ ẹnu nìkan lo gbé wá, màá ti ilé Ẹ̀pẹ́ pa."

Kúbúrá jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìgbògbò. Ó ń bá ara rẹ̀ jà nínú kẹ̀kẹ́ débi pé oníkẹ̀kẹ́ wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Èrò rẹ̀ ò ṣòro. Ó fẹ́ mọ iye Ọ̀nì Kìíní tó tà nígbà tí òun náà wà lọ́mọ oṣù mẹ́wàá. Ọmọ oṣù mẹ́wàá pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́wàá: ìwọ̀n tó tọ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù Àlàájà Jamilah ló sì kó Ọ̀nì Kìíní jù lọ ní gbogbo Ìkòròdú, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ bi.

Àlàájà Jamilah gbọ́ ìbéèrè náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Títà bí i ti báwo? Ọmọ mi, wá."

Ó mú un gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ilẹ̀kùn kan. Páálí Ọ̀nì Kìíní ló kún inú yàrá náà láti ilẹ̀ dé òrùlé. Eruku bo òkè wọn, aláǹtakùn ti ta okùn láti páálí kan sí òmíràn.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin," Àlàájà ní. "Mobọ́lájí ló wá bẹ̀ mí. Ó ní kí n ṣáà bá òun kó wọn sílé, kí n máa sanwó bí mo bá ṣe ń tà. Mo ta díẹ̀. Ìyókù rèé. Kì í ṣe èmi nìkan o. Yàrá kan odidi ló gbà ní Ìbèṣè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, ó kó wọn kún ibẹ̀ náà."

"Àlàájà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti ra gbogbo rẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

Kúbúrá fọwọ́ nu eruku orí páálí kan. Ó ti ń bínú sí Hussein láti àárọ̀. Ìsinsìnyí, kò mọ ẹni tó máa bínú sí mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tí gbogbo wọn ń wárí fún láti ọdún mẹ́rin yìí wá, iye ẹ̀rọ tó kúrò ní géètì ilé-iṣẹ́ ni. Kì í ṣe iye tó dé ọwọ́ ẹni tó ń gbá géèmù.

Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀ ló rántí Bùnmi, ọmọbìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Kò sí Ọ̀nì kan tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Tí olówó rẹ̀ bá kọ́kọ́ tàn án, nọ́ńbà kan á jáde lójú ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kí géèmù tó wọlé. Ẹ̀rọ tí kò bá tíì fi nọ́ńbà ránṣẹ́, inú páálí ló ṣì wà. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, láti ọjọ́ kìíní, ló wà lọ́dọ̀ Bùnmi, ẹnikẹ́ni ò sì bi í rí.

Odidi ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa di àsìkò ìrun àlàsárì, ó ti hàn kedere. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án Ọ̀nì Kìíní, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé igba péré ló tíì ṣí láti ọdún mẹ́fà. Èyí tó ṣí nínú oṣù mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀ta. Ti Ọ̀nì Kejì nínú oṣù mẹ́wàá tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀fà.

"Ìlọ́po méjì!" Kúbúrá fò dìde, ó gbá Bùnmi mọ́ra. "Ìlọ́po méjì ni! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá pe èyí lókùú!"

Bùnmi ò bá a yọ̀. Ó ṣì ń wo ojú kọ̀ǹpútà. "Àǹtí Kúbúrá, a sọ pé egbèje la ta. Ẹgbẹ̀fà ló ṣí. Igba dà?"

"Ó máa fọ́n káàkiri ni. Ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún."

"Rárá. Mo pín in sí àdúgbò àdúgbò. Níbi gbogbo, iye tá a kọ àti iye tó ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀pẹ́ nìkan ni ò rí bẹ́ẹ̀."

Kúbúrá jókòó padà. Kò sí ìdí fún un láti bi ẹnikẹ́ni. Ó mọ ibi tí igba yẹn wà.

Lóṣù tó kọjá, Hussein kọ̀wé sí gbogbo wọn pé iye tí agbègbè kọ̀ọ̀kan bá tà lòun máa fi mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kúbúrá wo iye tirẹ̀, ojú tì í. Ó lọ bá Ùsámà, ọmọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Òkè Bàlógun, ó ní kó gba igba ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó máa tà á díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjà tó ti tà. Hussein fìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé Ẹ̀pẹ́ ló ṣe dáadáa jù. Kúbúrá fi ìwé náà han ìyá rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó gbọ̀nà Ìtóìkín, ó ń gbàdúrà nínú ọkọ̀ pé kí Ùsámà ti tà wọ́n, kó jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni ò tíì wọlé. Ùsámà nawọ́ sí igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi ẹní bò wọ́n, ó ń jókòó lé wọn lórí jẹun.

"Mọ́kànlá ni mo tà, Àǹtí mi."

"Mọ́kànlá! Láti oṣù kan! Kí lò ń ṣe níbí, Ùsámà? Orun lò ń sùn?"

Ùsámà dìde. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. "Àǹtí, ẹ má pariwo lé mi lórí. Ṣé mo pè yín ni? Mo sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀bù mi ò lè ta ju mẹ́wàá méjìlá lọ lóṣù. Ẹ ní kí n ṣáà bá yín kó wọn, kí iye yín lè pé. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́."

Òótọ́ ni. Ohun tí Mobọ́lájí bẹ Àlàájà Jamilah láti ṣe ni Kúbúrá náà bẹ Ùsámà láti ṣe. Ti Mobọ́lájí pọ̀ jù ú lọ ni.

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé tí àwọn obìnrin ti ń to Ọ̀nì Kejì. Ó pe Hasanat sẹ́yìn ilé. Hasanat ló dàgbà jù nínú àwọn mọ́kànlá, òun ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Kúbúrá ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, kò fi ti igba náà pamọ́.

"Àǹtí Hasanat, tí mo bá máa tú ti Brọ̀dá Mobọ́lájí síta, mo ní láti tú tèmi náà."

Hasanat wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún parọ́, ìwọ fẹ́ lọ jẹ́wọ́ igba? Tó o bá ti la ẹnu, wọ́n á ní òpùrọ́ ni gbogbo Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ta ló máa bọ́ àwọn tó wà nínú ilé yìí?"

"Tí mo bá dákẹ́, tí Hussein bá rí i fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní rí i. Kò rí tàwọn tó ju tìẹ lọ."

"Bùnmi ti rí i."

"Lọ bẹ Bùnmi nígbà yẹn!" Hasanat poṣé, ó wọlé lọ, ó fi í sílẹ̀ nínú oòrùn.

Lọ́jọ́bọ̀, Kúbúrá ká Mobọ́lájí mọ́ Èbúté Ìkòròdú, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Àwọn tó ń já yanrìn ń pariwo létí omi. Kò kí i.

"Brọ̀dá, mo ti dé ilé Àlàájà Jamilah."

Mobọ́lájí wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀. Ó fà á kúrò lọ́nà àwọn èrò.

"Kúbúrá, gbọ́ mi. Nígbà yẹn, Àlàájì fẹ́ yọ owó ẹ̀ kúrò. Ó ní òun fún mi ní ọdún méjì, òun ò rí nǹkan kan. Tí n kò bá fún un ní iye tó ga, kò sí ilé-iṣẹ́ lónìí. Kò sí iṣẹ́ tìẹ. Mo rò pé láàárín ọdún kan, gbogbo rẹ̀ á ti tà tán."

"Kò tà."

"Kò tà. Kí n wá ṣe kí ni? Iye ti dé etí gbogbo ayé."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Mo lè fara da ìyẹn." Kúbúrá sún mọ́ ọn. "Ọjọ́ Ajé ni mi ò lè fara dà. Ẹ jókòó síbẹ̀. Wọ́n fi irọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pa na ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, wọ́n fẹ́ fi lé obìnrin mọ́kànlá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ń wo fóònù! Fóònù, Brọ̀dá!"

"Rọra. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́!"

"Tó o bá sọ ọ́ lọ́la, Àlàájì máa yọ mí. Ṣé wàá gbàgbé ẹni tó mú ẹ wọ iṣẹ́ yìí?"

"Mi ò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wá bá yín. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, mi ò ní la ẹnu."

Ọkọ̀ dé. Mobọ́lájí wọ aṣọ ìdáàbòbò, ó bọ́ sínú ọkọ̀, kò sọ bóyá òun máa sọ ọ́ tàbí òun ò ní sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, gbogbo wọn pé. Òpó méjèèjì ṣì wà lára ògiri. Kúbúrá dìde.

"Àlàájì, kí n tó sọ nǹkan kan nípa ẹlòmíràn, mo ti fọwọ́ ara mi kọ irọ́. Nínú egbèje yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀pẹ́. Èmi ni mo bẹ ọlọ́jà kó gbà wọ́n. Ẹ yọ wọ́n. Ó ku ẹgbẹ̀fà."

Hussein gbé orí sókè. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́?" ó ní. "Egbèje gan-an ò pé!"

"Kò pé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn tèmi, òun náà lẹ máa fi wọn àkọ́kọ́." Ó yíjú sí Mobọ́lájí, ó dúró dè é.

Mobọ́lájí fi fóònù sílẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé díẹ̀ ni. Ìyókù wà ní Ìgbògbò àti Ìbèṣè. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Àlàájì yíjú sí Mobọ́lájí. "Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ iye yẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ ọ́ ní mọ́sálásí, Mobọ́lájí!"

Kúbúrá wá ka ohun tó wà lọ́dọ̀ Bùnmi: oṣù mẹ́wàá sí oṣù mẹ́wàá, ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀fà. "Ọmọ apẹja ni mí," ó ní. "Nílé wa, a kì í ka ẹja tó wà lódò mọ́ ti inú agbọ̀n."

Hussein ti pa àwòrán rẹ̀. Inú ń bí i, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Mobọ́lájí ló ń wò báyìí. "Iye tẹ́ ẹ fún mi ni mo fi ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n béèrè ibi tó ti wá, mi ò béèrè." Ó yí padà sí Kúbúrá. "Síbẹ̀, ohun kan kù tẹ́ ẹ ò sọ. Nígbà tí àkọ́kọ́ jáde, ta ló mọ̀ wá? Orúkọ tí ìyẹn ṣe ni èkejì wá bá nílẹ̀. Ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́."

Kúbúrá fẹ́ gbó o lẹ́nu. Ó ronú, kò rí irọ́ níbẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Orúkọ ràn án lọ́wọ́. Oṣù méjì àbọ̀ tí kò sí ọjà sì pa á lára."

"Ẹ ò rí i pé kò tíì sẹ́ni tó lè sọ pé ó kú tàbí ó yè," Hussein ní. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ kó pé oṣù méjìdínlógún. Ká wá fi wé ìgbà tí àkọ́kọ́ pé oṣù méjìdínlógún, ká ka èyí tó ṣí nìkan."

Àlàájì gbà bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹ̀pẹ́ ò ní tì. Mobọ́lájí kúrò nípò olórí ilé-iṣẹ́; Àlàájì ní kó dúró kó máa ya ẹ̀rọ, ó kọ̀, ó kó ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúbúrá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kúbúrá rò pé ó tán síbẹ̀.

"Ìwọ náà," Àlàájì ní. "Ohun tí mo torí ẹ̀ lé e kúrò nípò lo ṣe. O ò ní jẹ́ máníjà Ẹ̀pẹ́ mọ́. Wàá wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ Hussein níbí, níbi tí mo ti máa rí ẹ."

"Àlàájì, èmi ni mo sọ ọ́ fúnra mi!"

"Ìdí nìyẹn tí o ṣì fi níṣẹ́."

Ní Sátidé ó lọ kó ẹrù rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó kí àwọn obìnrin náà ní sàláámà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹ lábẹ́nu, ìyókù tẹjú mọ́ iṣẹ́. Ó kó ife rẹ̀, ẹní ìrun àti bàtà kan sínú àpò. Iṣẹ́ wọn ló gbà sílẹ̀ fún wọn yìí, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Hasanat tó pè é.

"Inú ń bí mi sí ẹ o," Hasanat wí. "O fi wá wéwu láìbi wá. Wọ́n á rán ẹni tá ò mọ̀ wá síbí. Ó máa pẹ́ kí n tó gbàgbé rẹ̀."

"Inú ń bí èmi náà, Àǹtí. Mo ń bínú sí gbogbo yín, mo sì ń bínú sí ara mi."

"O ò tíì jẹun."

"Mi ò jẹ."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá wàá jẹ. Jókòó."

Hasanat gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀ láàárín wọn. Kúbúrá sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́. Wọ́n jọ jẹun, nígbà tí àwọn obìnrin yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ nínú ilé.